Ọlọ Irin ní Halifax

Mo ra ọlọ kan lọ́wọ́ opó Clifford Sugden,
ọlọ tí kì í lọ ata.
Irin ló ń lọ̀.
Àwa mẹ́rin la yí i jáde lẹ́yìnkùlé wọn
lórí páìpù mẹ́ta,
bí ẹni ń sin ìyàwó àgbàlagbà lọ ilé ọkọ.
Òjò Halifax ń pa wá.
Opó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì,
kò sọ nǹkan kan títí a fi dé géètì.
Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un. Cliff kì í jẹ́ kí òtútù mú un."

Mútíátù ìyàwó mi wo inú gáréèjì,
ó wo mọ́tò wa tí òjò ń pa níta.
Ó ní ẹni tó lé ọmọ síta, tó gba àlejò sílé,
kó má bínú sí orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́.

Àmọ́ ọmọ Ìlọrin ni mí,
ìlú tí òkúta ìlọ-irin sọ lórúkọ, báwọn àgbà ṣe wí.
Kí n wá rí ọlọ irin nílẹ̀ òtútù,
kí n kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí ò mọ ẹbí?
Ìyá ọlọ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀,
ọmọ ọlọ rẹ̀ ń yí lókè bí òòyì.

Ọmọ ọdún mélòó ni?
Pátákó orúkọ rẹ̀ ti já, ihò ìṣó mẹ́rin ló ṣẹ́kù.
Mo ha ọ̀dà ara rẹ̀:
àwọ̀ ewé ṣí, búlúù tẹ̀ lé e,
lábẹ́ búlúù, àwọ̀ eérú kan tí kò lè wu ẹnikẹ́ni,
ọ̀dà ìgbà ogun, ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń wá ẹwà.
Nísàlẹ̀ lápá òsì, nọ́ńbà yọjú:
méje, òdo, mẹ́rin, òmíràn tí ìpata ti jẹ.
Mo kọ lẹ́tà sí bàbá kan ní Huddersfield
tó bá ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ nígbà èwe.
Ó fèsì: "Iná ti jó ìwé wọn. Wo orí bóòtù.
Bó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi ni. Onígun mẹ́fà, àbúrò."
Mo wò ó. Mẹ́rin jẹ́ ẹ̀gbọ́n, méjì jẹ́ àbúrò.

Ẹ̀rín pa mí. Bí wọ́n ṣe ka ọjọ́ orí bàbá mi nìyẹn,
Sàláwù, tí a bí kí ìwé tó dé àdúgbò wa.
Wọ́n ní ó ti ń dá aṣọ wọ̀ lọ́dún tí eéṣú bo oko.
Wọ́n ní kò tíì máa gbààwẹ̀ nígbà tí afárá wó.
Láàárín eéṣú àti afárá, ẹ wá a síbẹ̀.
Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba béèrè ìwé,
akọ̀wé kóòtù wo irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
ó kọ ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní,
ó gbowó, ó lu òǹtẹ̀.
Ọjọ́ yẹn náà la kọ sórí sàréè.

Lálẹ́ Sátidé kan, mo ṣí ilẹ̀kùn bélíìtì,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.
Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára irin:
*Bélíìtì tuntun. Oṣù Kẹta, 1951. H.B.*
Lábẹ́ rẹ̀, *Òmíràn, 1963,* ọwọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ tó wúwo.
Lẹ́yìn náà C. Sugden, ẹ̀ẹ̀mẹrin,
ọwọ́ ń gbọ̀n sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí.
Ọjọ́ tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n kọ.

Mo tan án. Mo gbé irin onípata kan lé e,
òòfà gbá a mú, iná ń ta pàrà.
Nígbà tó jáde, mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀.
Bélíìtì ń han. Mo máa ra tuntun lọ́jọ́ Ajé;
pẹ́ńsù ti wà lápò mi.

Mútíátù kan ilẹ̀kùn gáréèjì:
"Yìnyín ti bo mọ́tò o.
Ẹ gbé ọlọ yín jáde, kẹ́ ẹ wá bá mi lọ̀ ọ́."