Ọwọ́ Kọkànlá

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá mi ti fi mọ ìkòkò ní Masífà
kí Ìyáàfin Mítírà, tíṣà ìṣírò wa, tó yà lọ́dọ̀ wa
pẹ̀lú àwòrán kan láàrin ìwé:
obìnrin lórí kìnnìún, ọwọ́ mẹ́wàá.
Ìyá mi kà á. Ó tún kà á.
"Ta ni télọ̀ eléyìí?"

Èmi ni ògbufọ̀.
Mo ní: Ó ní ọmọ ni. Ó ní ilé ọkọ rẹ̀ jìn,
lórí òkè kan tí yìnyín bò,
ọjọ́ márùn-ún péré lọ́dún ló fi ń wá kí bàbá rẹ̀,
tòun tàwọn ọmọ.
Ìyá mi, tí wọ́n fẹ́ wá láti Kìṣí tí kò padà rí,
kò bèèrè nǹkan mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ amọ̀.

Ìjà kan ṣoṣo ni wọ́n jà: iná.
"Amọ̀ tí a kò sun, kí la fẹ́ fi ṣe?"
"Kò gbọdọ̀ kan iná. Omi ló ń lọ."
Ìyá mi pòṣé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn tíṣà bíi tirẹ̀ wá láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà,
wọ́n ń fun ìkarahun òkun bíi fèrè.
Díákónì tó nilé yọjú lójú fèrèsé,
wọ́n bu àkàrà oníwàrà dídùn fún un,
ó ní kí wọ́n ṣá má kọjá aago mẹ́sàn-án.
Nígbà tí àtíkè pupa tán, ìyá mi gbé osùn wá;
wọ́n fi kun òrìṣà náà níwájú, wọ́n fi kun ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́,
wọ́n kun òun náà.

Ní Odò Ọba, ìka ló kọ́kọ́ lọ.
Lẹ́yìn náà, imú. Kìnnìún pẹ́ díẹ̀.
Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún padà di ẹrẹ̀ lójú ìyá mi.
Ìyáàfin Mítírà ń sunkún bí ẹni sin ìyàwó, ó sọ nǹkan ní èdè wọn.
Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dáhùn:
"Àṣèyíṣàmọ́dún."
Mo bi tíṣà léèrè ohun tó sọ. Ohun kan náà ni.

Nígbà tó di àmọ́dún, owó oṣù ò jáde. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti kó lọ.

Ọwọ́ mọ́kànlá ni ìyá mi mọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ó há ọ̀kan sáàárín ìkòkò ọbẹ̀, ó sun ún.
Ó ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa, ó la àtẹ́lẹwọ́,
kọ́kọ́rọ́ ilé ló ń bá wa mú.