Mẹ́tàlélógún

Ní Tórshavn, òjò kì í rọ̀ tààrà,
ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wọlé, bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Ẹ̀bá fèrèsé ni mo dùbúlẹ̀ sí, ìbàdí ọ̀tún mi ti di irin,
èmi Sunnvá, tí mo fi ọgọ́ta ọdún hun irun àgùntàn.

Kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ti sọ fún dókítà:
"Òwú ni kí o fi rán mi. Mo mọ òwú, òwú mọ̀ mí."
Ó ní àpò lẹ́tà kan ń bẹ nílẹ̀ tí wọ́n ti lẹ̀ pa;
ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni wọn yóò fi pa ojú egbò mi dé,
torí wọ́n fẹ́ mọ èyí tó sàn jù nínú mẹ́ta.
Ṣé ìbò ni wọ́n wá ń dì lórí ìdí arúgbó?

Àtè ló bọ́ sí Hanus lọ́wọ́, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi.
"Pákó ni mí," ó ní, "àtè tó pákó."
Ní ọjọ́ kejì omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yọ lábẹ́ báńdéèjì rẹ̀.
Ó dákẹ́, ó ń wo àjà,
bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jò níṣojú oníbàárà.

Òwú bọ́ sí obìnrin Klaksvík tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Mo jowú nítorí òwú;
n kò kí i káàárọ̀.

Èmi? Pínnì irin wẹ́wẹ́,
bí ẹni fi wáyà dí ọgbà kí àgùntàn má bàa já.
Lóru, tí oorun bá kọ̀ mí, ìka mi a rìn lórí báńdéèjì:
ení, èjì, ẹ̀ta.
Mẹ́tàlélógún. Mo tún un kà. Mẹ́tàlélógún.

Ọjọ́ kejìlá, ìjì ò tíì jẹ́ kí ọkọ̀ erékùṣù gbéra.
Nọ́ọ̀sì Rannvá mú ẹ̀mú kékeré dé.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sínú abọ́: kín. Kín.
Kò dùn mí tó bí mo ṣe bẹ̀rù,
ó dùn mí ju bí wọ́n ṣe wí.
"Ó tán. Méjìlélógún."
Mo ní kò tíì tán.
Ó fi ìwé hàn mí: méjìlélógún ni dókítà kọ.
Mo ní, ọmọ mi, ẹni tó hun súwẹ́tà fún apẹja
tó wá fo ojú kan, òkun ni yóò bá a rí i.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa awọ ibi tó ká jọ sẹ́yìn.
Kò sọ nǹkan kan.
Kín.

Hanus rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú.
Obìnrin Klaksvík yíjú sí mi:
"Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mélòó lo fi ń hun tìrẹ?"