Òkúta Máìlì Kọkànlá

Wọ́n dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú kánọ́pì mẹ́ta
àti àga oníke tí wọ́n tò léra wọn.
Wọ́n ní ọ̀nà pé ọgọ́rin ọdún.
Ọ̀nà wo? Èyí tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi,
tó ti Àkúrẹ́ bọ̀, tó gun afárá Ọ̀wẹnà,
tó ń lọ sí Oǹdó bí ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Fọkanáísà ni mí. Táyà ni mo mọ̀, n ò mọ ìwé ìtàn,
ṣùgbọ́n bàbá mi, Lógbòsẹ̀rẹ̀,
wà lára àwọn tó fi orí ru ọ̀nà yìí wá.
Mo ní orí. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Páànù òkúta wẹ́wẹ́ lókè, òṣùká ewé kókò lábẹ́ rẹ̀,
láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta títí dé etí odò,
ṣílè kan ààbọ̀ lóòjọ́, bí àkọ̀wé bá rántí.

Kí wọ́n tó dé, ipa ẹsẹ̀ lásán ni.
Ìyá bàbá mi ní ejò àti èèyàn ló jọ ń lò ó,
ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lẹnìkejì ń yà fún.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n na okùn.
Okùn gba àárín oko kókó Fámúwàgún kọjá,
igi mẹ́tàlélógójì ṣubú lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
òyìnbó tó di okùn mú kò bojú wẹ̀yìn.
Fámúwàgún yìí kan náà ló kọ́kọ́ fi lọ́rì kó kókó lọ sí Oǹdó.
Ó ń bú ọ̀nà, ó ń gùn ún lọ.

Ọ̀dà dé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.
Mo rántí òórùn rẹ̀, mo rántí àgbá tó ń hó,
mo rántí Sálíù ará Ìgbírà tí ọ̀dà ta sí lẹ́sẹ̀,
bí wọ́n ṣe ń fi epo pupa ra á, tó ń kọrin kó má baà ké.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bàbá mi fà mí lọ́wọ́,
ó ní, "Bọ́ bàtà." N kò ní bàtà.
Ó ní, "Ó dáa, tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."
Ó gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná.
Ipa ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀ di ọdún tí ogun parí,
kí kátápílà tó wá bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá kan dìde, ó ka ìwé.
Ó dárúkọ mínísítà, ó dárúkọ ẹnjiníà,
ó dárúkọ kọ́ńpìnnì tó fẹ ọ̀nà
àti èyí tó gbowó tí kò fẹ nǹkan kan.
Wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta mábù tuntun,
orúkọ kún un bí èèrà lára ṣúgà.
Mo wá Lógbòsẹ̀rẹ̀. Mo wá Sálíù.
Mo wá Ọmọ́tádé tó bímọ sẹ́bàá kòtò,
tó padà sídìí páànù rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Òkúta máìlì àtijọ́, èyí tí bàbá mi rì mọ́lẹ̀,
tó ń fi ẹfun kùn lọ́dọọdún títí ó fi kú,
okùn kánọ́pì ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn
bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà.

N kò lè bínú tán. Mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.
Bàbá mi ń dí ihò, èmi ń jẹ nínú ihò.
Ihò iwájú ilé epo ló san owó iléèwé Olúmodéjì,
ihò ẹ̀gbẹ́ afárá ló kan páànù sórí ilé mi.
Bí ọ̀nà bá dán lóòótọ́, kí ni mo fẹ́ jẹ?

Wọ́n ṣíwọ́. Jíìpù ọ̀gá náà kò tíì rin ogójì ẹsẹ̀ bàtà
tí táyà kan fi mí kanlẹ̀: fùùù.
Mo ki jáàkì bọ̀ ọ́ nídìí. Mo wá ojú ihò, mo lẹ̀ ẹ́.
Ó ní èló ni. Mo ní kó má san.
Mo ní kó kàn bá mi tú okùn yẹn.

Ó wò mí. Ó wo aago. Ó tú u.

Lálẹ́, mo mú ọ̀dà funfun tí mo fi ń kọ iṣẹ́ mi sára táyà
(ọ̀dà náà ni, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́),
mo tún nọ́ńbà náà kùn: kọkànlá.
Mo kọ orúkọ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀.
Ti Sálíù, n kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀.
Mo fi àyè sílẹ̀.