Wákàtí Méjìdínláàádọ́ta

Aago méjì òru kù díẹ̀. Òjò Chiloé ń lu páànù,
ikùn mi sì le gbagidi bí òkúta etí òkun.
Mo ní bóyá ẹja alẹ́ àná ni kò bá mi lára mu.
Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.
Ó dẹ̀. Mo mí.
Mo kà dé irinwó, ó tún le.

Rosamel ti wọ bàtà rọ́bà kí n tó pè é.
Ọkùnrin tó ń fi ojúmọmọ ka òkú ẹja sámọ́nù nínú àwọ̀n ilé-iṣẹ́
ló jókòó sétí ibùsùn, tó ń ka ìṣẹ́jú.
"Méje," ó ní. Nígbà tó yá, "Mẹ́fà."
Kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun,
ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá okùn lára bàtà tí kò ní okùn.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ẹni tó ṣáájú rẹ, mẹ́tàlélógún ló lò.
Abẹ́ igi ápù ló wà. A fún un lórúkọ,
ẹnu wa kì í pè é lálẹ́.
Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe rán ẹnu ilé ọmọ mi
bí ẹni rán ẹnu àpò ọ̀dùnkún,
kó má baà dà sílẹ̀ kí a tó délé.
Òwú kan ṣoṣo. Òun náà ni gbogbo wa rọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ kì í kọjá lóru tí afẹ́fẹ́ bá ń jà.
Bàbá Chiguay jáde, pátá nìkan ló wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù òjò,
ó wo omi, ó wo ikùn mi,
ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ wọlé."
Mo ń bú òkun, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ìgbì ń fà mí, ìrọbí ń fà mí, n kò mọ èwo ni èwo mọ́.
Nígbà tí a gúnlẹ̀, baba àgbà di ìka mi mú:
"Ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ."

Mo ṣe àmín sí ìdajì rẹ̀.
Ohùn ọmọ, ẹ jẹ́ ká má tíì gbọ́ ọ.
Ẹ máa fi tèmi ṣe é ná.

Ní Castro, agbẹ̀bí tó ń jẹ́ Yasna de bẹ́líìtì méjì mọ́ mi níkùn,
ọkàn rẹ sì kún yàrá, kìtìkìtì kìtìkìtì,
bí ẹsẹ̀ ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé.
Ó gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí. "Ti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ nìyí.
Òmíràn ń bọ̀ lọ́la. Ká ṣáà rí wákàtí méjìdínláàádọ́ta."
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Gbọ́, ọmọ.
N kò ní kí o má wá.
Ta ní í ra búrẹ́dì sílẹ̀ de àlejò, kó tún tì í sẹ́yìn?
Dúró díẹ̀ ni mo wí.
Ìbọ̀sẹ̀ rẹ ku ẹyọ kan: ìyá bàbá rẹ ń hun ún,
ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó ti tú gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọ̀dùnkún tí a bá tètè wà, awọ rẹ̀ á máa bó mọ́ni lọ́wọ́.
Ilẹ̀ ṣì gbóná níbi tí o wà. Jókòó.

Ilẹ̀ ti mọ́, òjò ò dá.
Rosamel ti sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀,
àtẹ́lẹwọ́ ló kọ ìṣẹ́jú sí:
mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́jọ, mọ́kànlá.
Oorun gba gégé lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.
Mo ń bá a kà á lọ.
Ó ku wákàtí mẹ́rìnlélógójì.