Kànga Ìjẹùn

Abẹ́ òkúta ni wọ́n bí mi sí,
abẹ́ òkúta náà ni mo ti ń jẹun.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí
nígbà tí ọ̀gá mi so okùn mọ́ mi níbàdí bí ẹni so ewúrẹ́ ọdún,
ó ní, "Ṣómúyìwá, bí dígà bá dún gbì, máa bá iṣẹ́ lọ.
Bó bá dún kò, gbàdúrà."

Ní Ìjẹùn, ó dún kò.
Mo ti wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógójì,
àpáta jókòó síbẹ̀ bí onílé, ó ń wò mí bí àlejò.
Mo dáná sun ún, mo da omi tútù lé e lórí,
mo fi òòlù bẹ̀ ẹ́, mo fi èpè bẹ̀ ẹ́.
Kò dìde.
Bàbá Ṣóbándé tó ni ilé kò bínú; ó san ìdajì owó.
Ìdajì yẹn ló ń dùn mí.
Wọ́n fi páànù bo ẹnu kànga náà, wọ́n gbé òkúta lé páànù,
ó di ọdún mẹ́rìndínlógún.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀,
Ìjẹùn ni oorun máa ń já mi sí.
Èmi tí mo ní n ó ra ẹ̀rọ tó ń gún àpáta bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún aṣọ,
tí mo ní n ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ọkọ̀ akẹ́rù:
ṢÓMÚYÌWÁ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀, OLÓMI TÚTÙ.
Ẹ̀rọ kò sí. Ọkọ̀ kò sí.
Àwọn ọmọ wà:
ọ̀kan ń tún fóònù ṣe ní Ṣàpọ́n, èkejì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìlaròó,
kò sí èyí tó fẹ́ wọ ihò nínú wọn.
Orúnkún mi náà ti ń dún kò báyìí.
Ìyá Kúnbi ní, "Ṣé kànga kan ṣoṣo lo gbẹ́ láyé ni?"
Mo ní kò lè yé e.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, ẹ̀rọ omi ìjọba wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan, mo tiro gun òkè Ìtòkò.
Ìlà ti gùn kọjá ilé alágbẹ̀dẹ,
kẹ́ẹ̀gì tò bí ọmọ iléèwé.
Obìnrin kan níwájú ń sọ pé kànga náà ti wà látayébáyé,
pé òyìnbó tó ń ṣe rélùwéè ló gbẹ́ ẹ.
Òyìnbó!
Oṣù Ẹrẹ́nà ni, Kúnbi wà nínú ìyá rẹ̀,
gaàrí àti ẹ̀pà ni mo jẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,
ní ọjọ́ kẹwàá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.
Mi ò sọ fún un.
Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sínú, bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ọbẹ̀.

Ọmọdébìnrin kan wò mí lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má tò mọ́, ẹ gbé e wá."
Ó ju garawa sílẹ̀. Okùn ń lọ, mo dijú,
mo mọ ibi tí omi wà kí garawa tó kàn án,
nítorí ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kàn án.
Mo na ọwọ́ sábẹ́ etí kànga, níbi tí a ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì,
àmì àtàǹpàkò mi ṣì wà níbẹ̀.
Ewédò ti fi ṣe ilé.
Mo mu omi náà lórí ìdúró. Ó tutù dé eyín.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á:
Ìtòkò. Méjì ní Àgọ́-Òkò. Èyí tó dùn bí omi àgbọn ní Ìkìjà.
Ti Àdátán, tí mo gbàgbé ṣọ́bìrì sí nísàlẹ̀, tó ṣì wà níbẹ̀.
Mo dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, oorun gbé mi.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀.
Ní alẹ́ mìíràn, mo ṣì máa ń dé Ìjẹùn.
Mo ṣí páànù, mo yọjú.
Àpáta náà wà níbẹ̀, gbígbẹ, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.
Ṣùgbọ́n lókè rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógójì,
ó gún régé, ó yí po bí ẹnu àwo,
ọwọ́ mi náà ló gbẹ́ ẹ.