Mùtíù Ṣì Ń Kà

Mùtíù kì í bá mi gbé irin.
Kíkà ni tirẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta,
tó bá kan ẹ̀sán, á padà sí èje,
á ní òun ṣìṣe.
Irọ́ ni.

Ogún ọdún ni mo fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ,
ẹ̀yìn mi tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.
Dókítà ní kí n máa rìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé.
Ìwé kì í kanlẹ̀kùn ẹni láago márùn-ún.

Lánàá, létí ọ̀sà Àjàṣẹ́,
orúnkún mi dún pàkà.
Mo fẹ́ fagídí ṣe é.
Ó di èjìká mi mú:
"Ìyá Ràfíà, ó tó. Ọ̀la ń bọ̀."

Láàárọ̀ yìí abẹ́rẹ́ mi já bọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un,
mo dìde
láì di tábìlì mú.