Ibi Tí Aṣọ Ti Ń Bọ̀

Oṣù Ẹrẹ́nà dé Àgbádárìgì, ó jókòó lé wa lórí.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà lọ sùn sábẹ́ ọkọ̀,
ewúrẹ́ ń bá ọmọ èèyàn du òjìji ògiri.
Tíṣà Mauyọn wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án gangan,
kọ́là rẹ̀ ti rọ bí ewé tí wọ́n tẹ̀ bọ omi gbígbóná,
òógùn ti ya máàpù sí i lẹ́yìn.
"Sènàmi," ó ní, "rán ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lè mí nínú rẹ̀ fún mi."

Mo nawọ́ sí tépù. Bàbá mi ní kí n dúró.
"Jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ.
Àtẹ́lẹwọ́ ti ka owó jù, kì í sọ òótọ́ mọ́."

Pópùlínì ló kọ́kọ́ jáde nínú páálí,
funfun, ó ń dún pàrà bí ìwé tuntun.
Wọ́n ní ìlú kan táwọn póòpù gbé rí nílẹ̀ Faransé
ló fún un lórúkọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín:
"Abájọ tó fi ń fún mi lọ́rùn bí ìwàásù."

Àǹkárá ńkọ́? Ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Tọ́kì,
aṣọ yìí ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Àwọn ará Jáfà ló ń fi ìda ya ọnà sára aṣọ;
òyìnbó Họ́láńdì wò ó, ó fi ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀,
ó kó o wá bá wa, a gbé e ró,
a ní ogún bàbá wa ni.
Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, Ṣáínà ni wọ́n bí i sí,
Sẹ̀mẹ̀ ló gbà wọlé, lóru, lábẹ́ àpò ìrẹsì.

Alápótí pupa, alápótí búlúù: Màdírásì, láti Íńdíà.
Bí o bá fọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàn wọnú ara wọn
bí ẹbí tó jà, tó rẹ̀, tó sì jọ jẹun alẹ́.

Ẹsẹ̀ bàbá mi kúrò lórí ẹ̀rọ.
"Létíkun tí ẹ̀ ń wò yìí, wọ́n ti fi aṣọ ra èèyàn rí.
Ìgàn kan báyìí. Ọmọ ìyá ẹnìkan báyìí.
N kì í gé aṣọ tí n ò tíì bi pé, ibo lo ti wá?"
Ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni mo lọ gbé kíjìpá ìyá bàbá mi,
ọmọ Ìgànná tó wá lọ́kọ sétí omi.
Òwú tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó ran, tó hun,
kò sí ìlú òkèèrè kankan nínú rẹ̀.
Mo rò pé ìdáhùn nìyí. Mo ti ń yọ̀ nínú.
Tíṣà gbé e kọ́ èjìká. A ò tíì kà dé ogún.
"Tiwa ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ sè mí jinná."
Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi já bọ́:
"Ọyẹ́ ni màmá mi hun ún dè. Kò bá ẹ̀ẹ̀rùn ṣàdéhùn."

Nísàlẹ̀ páálí, bósíkọ́nà kan ṣẹ́kù
tí mo rà ní Àgbálátà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.
Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, irú èyí tí Bíbélì ń dárúkọ,
ó hunjọ bí ojú arúgbó, áyọ́ọ̀nù ò ràn án.
Ẹnìkan ti fi òwú pupa kọ orúkọ sínú kọ́là,
lẹ́tà méjì péré ló kù.
Ta ló kú? Àbí ta ló sanra?

Tíṣà wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tí kò sí níta
gba ihò bọ́tìnnì wọlé.
Mo mú réésà kí n tú orúkọ náà dànù.
"Fi í sílẹ̀. Kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí èmi náà bá sanra,
ẹni tó bá kàn á mọ ọ̀nà tó gbà dé."

Mo wá òwú aláró, mo jókòó, mo kọ M.
Bàbá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó mi orí,
ó sì gba igba náírà owó òwú.